Ọjọ́ tí a lò nílé àti páálí òkè òkun: ìfiwéra fún ẹni tó ń ti Iléṣà ṣiṣẹ́ fún ilẹ̀ òkèèrè

Ní oṣù Kejìlá, nígbà tí Ìwúde, ọdún ńlá àwa Ìjẹ̀ṣà, bá kù sí dẹ̀dẹ̀ tí ọkọ̀ sì há ní Ẹ̀rẹ́jà débi pé ẹlẹ́sẹ̀ ń yára ju ọlọ́kọ̀ lọ, ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ti òkè òkun bọ̀ máa ń bi mí. Bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀ máa ń yàtọ̀, ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ kan náà ni. Ẹni tó bi mí gbẹ̀yìn jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún ilé iṣẹ́ kan ní Toronto. Ìyá rẹ̀ ń gba ìtọ́jú ní Iléṣà, ọ̀gá rẹ̀ sì ti gbà pé kó máa ti ilé ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, Toronto ló ń san owó oṣù mi, Kánádà ni mo ń san owó orí fún, aago Toronto gan-an ni mo fi ń jí tí mo fi ń sùn. Ṣé wọn ò ní ka oṣù mẹ́jọ tí mo lò lọ́dọ̀ màmá mọ́ ọjọ́ tí mo nílò fún páálí?”

Wọn kò ní kà á. Àwọn òfin tí a ó gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ń ka ibi tí ara ènìyàn wà. Wọn kì í ka ibi tí owó oṣù rẹ̀ ti ń wá, àyàfi fún ìwọ̀nba òṣìṣẹ́ tí òfin dìídì yà sọ́tọ̀. Ó sì yẹ kí èyí tètè yé àwa Ìjẹ̀ṣà. Àwọn òṣómàáló tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́ kò jókòó sí Iléṣà kí wọ́n máa ránṣẹ́ gba gbèsè. Ẹni tó ni owó ló ń lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò sì ní dìde títí owó yóò fi jáde. Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ fọ́ọ̀mù yín wò ní Ottawa tàbí ní Dublin náà, ìlóṣòó yín ló fẹ́ rí. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra ni bí ìlóṣòó náà ṣe gbọ́dọ̀ pẹ́ tó, àti irú ẹni tí wọ́n lè yọ̀ǹda fún láti dìde lọ síbi tí iṣẹ́ bá rán an.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Kí a tó fi orílẹ̀-èdè kan wé òmíràn, ẹ jẹ́ kí a ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀, nítorí pé dída wọn pọ̀ ló ń fa àṣìṣe jù. Àkọ́kọ́ ni àṣẹ ìgbélùú, ìyẹn PR ti Kánádà, gíríìn káàdì ti Amẹ́ríkà tàbí ILR ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń jẹ́ kí ènìyàn máa gbé níbẹ̀ kó sì máa ṣiṣẹ́ láìsí pé ó tún ń tọrọ físà. Ìkejì ni dídi ọmọ orílẹ̀-èdè náà pátápátá, èyí tí a ń pè ní gbígba páálí nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìkẹta ni owó orí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣirò ọjọ́ tirẹ̀, ìṣirò ọ̀kan kì í sì í bo òmíràn mọ́lẹ̀: ènìyàn lè san owó orí fún Kánádà fún ọdún márùn-ún gbáko, kí PR rẹ̀ sì dúró digbí, síbẹ̀ kó má ní ọjọ́ tó pé fún páálí.

Ohun mẹ́rin ni a ó máa béèrè lọ́wọ́ òfin kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mélòó ni ẹ gbọ́dọ̀ fi wà níbẹ̀, láàárín ọdún mélòó? Ṣé ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí agbanisíṣẹ́ rán jáde, irú agbanisíṣẹ́ wo sì ni? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí àṣẹ ìgbélùú yín bí ẹ bá pẹ́ nílé? Èló ni yóò ná yín? Ìbéèrè kẹta yìí ni mo kà sí pàtàkì jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni kì í sábà wá sí ènìyàn lọ́kàn, nítorí pé ọjọ́ páálí tó sọnù ṣeé tún kà, ṣùgbọ́n àṣẹ ìgbélùú tó bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn lè dá a padà sórí ìlà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá físà.

Ní ti ilé wa níhìn-ín, kò sí ìdíwọ́. Abala 28 nínú ìwé òfin ọdún 1999 gba ẹni tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí láàyè láti di ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn láìpàdánù ti ilé. Bí ó bá sì ń ṣe yín bí ẹni pé àwọn òyìnbó ti le jù, ẹ rántí pé abala 27 nínú ìwé òfin kan náà ń béèrè ọdún 15 lọ́wọ́ àlejò tó bá fẹ́ di ọmọ Nàìjíríà.

Kánádà

Òfin Kánádà ló rọrùn jù láti ṣírò. Ọjọ́ 1,095, tí í ṣe ọdún mẹ́ta, ni ẹ gbọ́dọ̀ fi wà nínú orílẹ̀-èdè náà láàárín ọdún márùn-ún tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ bu ọwọ́ lu fọ́ọ̀mù. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kẹwàá ọdún 2017. Ṣáájú ìgbà náà, ọdún mẹ́rin nínú mẹ́fà ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tó bá ti wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́ onífísà kí PR rẹ̀ tó jáde lè ka ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìgbà náà sí ààbọ̀ ọjọ́, ṣùgbọ́n ohun tí yóò rí kà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 365 lọ. Ọjọ́ tí ẹ gbéra kúrò àti ọjọ́ tí ẹ padà dé, méjèèjì ni wọ́n ń kà fún yín. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú òfin yìí ni pé kò bìkítà nípa bí ẹ ṣe pín ọjọ́ náà. Ẹ lè lo oṣù mẹ́wàá ní Iléṣà ní ìjókòó kan, ẹ sì lè máa lọ máa bọ̀. Bí àròpọ̀ bá ti pé, ó pé.

Ọ̀rọ̀ agbanisíṣẹ́ ló ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Wọ́n ti gbọ́ níbì kan pé ọjọ́ tí ènìyàn fi ṣiṣẹ́ ní òkèèrè fún ilé iṣẹ́ Kánádà jẹ́ kíkà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n PR ló wà fún, kò sí fún páálí. Kí PR má bàa bọ́, òfin ń béèrè ọjọ́ 730 nínú ọdún márùn-ún, ó sì gbà kí ẹ ka ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ Kánádà fi rán yín lọ sílẹ̀ òkèèrè, bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ alákòókò kíkún, tó jẹ́ pé àdéhùn iṣẹ́ yín ló gbé yín lọ síbẹ̀, tí iṣẹ́ yín sì ń dúró dè yín ní Kánádà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ló bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun wá sílé. Kò sẹ́ni tó rán an. Mo sọ fún un pé kó má fi ara ti àyè yìí rárá. Ní ti páálí, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìjọba ẹkùn ní Kánádà, àwọn ọmọ ogun wọn, àti ìdílé irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni òfin yọ̀ǹda pé kí wọ́n ka ọjọ́ òkèèrè. Ẹni tí ọ́fíìsì ìjọba Kánádà gbà síṣẹ́ ní ìlú tí ọ́fíìsì náà wà kò sí lára wọn.

Ẹ wá wo ìṣirò tirẹ̀. Ó ti lo ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta ní Toronto kó tó wálé, ìyẹn bí ọjọ́ 820. Ó ku bí ọjọ́ 275. Bí ó bá padà lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, tó sì lo oṣù mẹ́sàn-án sí i láìjáde, gbogbo rẹ̀ ṣì wà nínú ọdún márùn-ún. Oṣù mẹ́jọ tó lò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kò ba ohunkóhun jẹ́, ó kàn sún páálí síwájú ni. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó rí i, ó sì yà mí lẹ́nu pé kò tíì fi ìkọ̀wé lé ìṣirò náà rí látìgbà tó ti ń ṣàníyàn.

Àǹfààní kan tún wà tí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló mọ̀. Ní ọdún 2017 kan náà ni wọ́n fagi lé òfin tó ní kí ènìyàn ṣèlérí pé òun yóò máa gbé Kánádà lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ti pé ọjọ́ 1,095 tó sì ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lè wá sílé nígbà tó bá ń dúró, bí kò bá ti jẹ́ kí PR rẹ̀ bọ́, tó sì ń dáhùn nígbà tí wọ́n bá pè é fún ìdánwò àti ìbúra. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò bá le jù fún nílé, ìmọ̀ràn mi ni pé kó parí ọjọ́ rẹ̀ kó tó gbéra.

Amẹ́ríkà

Ìṣirò méjì ni Amẹ́ríkà ń ṣe pọ̀, ibẹ̀ sì ni ó ti le ju Kánádà lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ ti ní gíríìn káàdì fún ọdún márùn-ún, tàbí mẹ́ta bí ẹ bá ń gbé pẹ̀lú ọkọ tàbí aya tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Nínú ọdún márùn-ún yẹn, ara yín gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ fún oṣù 30 ó kéré tán. Ìyẹn ni ìṣirò àkọ́kọ́, kò sì le. Ìṣirò kejì ni ti ìgbé tí kò já. Bí ẹ bá jáde fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á gbà pé ó ti já, àfi bí ẹ bá fi ẹ̀rí hàn pé kò já. Bí ó bá pé ọdún kan, ó ti já nìyẹn, kò sí àlàyé tó lè so ó padà, ẹ ó sì dúró ọdún mẹ́rin àti ọjọ́ kan lẹ́yìn tí ẹ bá padà kí ẹ tó lè kọ̀wé.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ilẹ̀ òkèèrè ní láti fara balẹ̀ níhìn-ín. Lára ẹ̀rí tí wọ́n máa ń wò fún ẹni tó kọjá oṣù mẹ́fà ni pé kò fi iṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sílẹ̀, kò sì gba iṣẹ́ níbi tó lọ. Pé ẹbí rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Pé ilé tó ń gbé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, oníṣẹ́ Amẹ́ríkà tó pẹ́ oṣù méje ní Iléṣà, tó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ohun tó lè sọ. Ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún tó wá gba tuntun ní Èkó ti fúnra rẹ̀ fa okùn náà já.

Fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ń pè ní N-470, fún àwọn tí iṣẹ́ bá gbé jáde fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó wà fún ni òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣòwò pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè, òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí ìmọ̀ Amẹ́ríkà tí ìjọba wọn kà sí, òṣìṣẹ́ àwọn àjọ àgbáyé tí Amẹ́ríkà wà nínú wọn, àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ Ọlọ́run. Àwọn olùwádìí tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Ifẹ̀ àti yunifásítì Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti gbé Amẹ́ríkà fún ọdún kan gbáko lẹ́yìn gíríìn káàdì láìjáde rárá, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ kí ìrìn yín tó pé ọdún kan. Ohun tó ń ṣe kò sì ju kó má jẹ́ kí ìgbé yín já: oṣù 30 ṣì di dandan, àyàfi fún òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn oníṣẹ́ Ọlọ́run. Ti àwọn oníṣẹ́ Ọlọ́run yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n Iléṣà, ìlú tí ilé ìwòsàn Wesley Guild tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ wà, kò lè sọ pé òun kò mọ iṣẹ́ míṣọ́nnárì.

Ìwé àṣẹ ìpadàwọlé tún wà, tó lè tó ọdún méjì, tí ẹ sì gbọ́dọ̀ wà ní Amẹ́ríkà nígbà tí ẹ bá ń béèrè rẹ̀. Ó ń dáàbò bo gíríìn káàdì fún ẹni tó ń lọ ju ọdún kan lọ, ṣùgbọ́n kò dáàbò bo ọdún páálí. Mo ti rí ẹni tó fi ọkàn balẹ̀ nítorí ìwé yìí, tí kò sì mọ̀ pé ọdún mẹ́rin tuntun ló ń dúró de òun.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í ka ọjọ́ tí ẹ wà, ọjọ́ tí ẹ kò sí ni wọ́n ń kà. Nínú ọdún márùn-ún tó ṣáájú ìkọ̀wé, ẹ kò gbọdọ̀ jáde ju ọjọ́ 450 lọ, ẹ kò sì gbọdọ̀ jáde ju 90 lọ nínú ọdún tó gbẹ̀yìn. Ọkọ tàbí aya ọmọ ilẹ̀ náà ní ọdún mẹ́ta àti ọjọ́ 270. Ọjọ́ tí ẹ wọkọ̀ lọ àti ọjọ́ tí ẹ dé kò sí nínú ọjọ́ àìsí. Ohun kan sì wà tó ti ba fọ́ọ̀mù ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́: ẹ gbọ́dọ̀ wà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ọdún márùn-ún náà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé ní oṣù Kejìlá, tó sì jẹ́ pé Ìwúde ló wà ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, kó rọra sún ìkọ̀wé rẹ̀ síwájú.

Kí ènìyàn tó dé ibi páálí, ó ní láti kọ́kọ́ gba ILR, ti ILR sì tún ní ìlànà tirẹ̀: àìsí kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 180 lọ láàárín oṣù 12 èyíkéyìí. Lẹ́yìn tí ILR bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ lè jáde títí dé ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan kí ó tó kú. Ìyẹn láwọ́ ju ti Amẹ́ríkà lọ dáadáa, ó sì yẹ fún ẹni tó fẹ́ wá tọ́jú òbí fún ọdún kan kó tó padà lọ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò páálí.

Ní ti agbanisíṣẹ́, òfin fi àyè ìyọ́nú sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó ń yẹ fọ́ọ̀mù wò. Wọ́n sábà máa ń gbójú fo àìsí tí kò bá ju 480 lọ, àti 100 nínú ọdún tó gbẹ̀yìn. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọjá bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ilé, ẹbí àti dúkìá òun wà níbẹ̀, kó sì ní ìdí tó lágbára, bíi pé ilé iṣẹ́ tó fìdí sọlẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń rán an káàkiri. Kíyè sí i pé ìyọ́nú ni. Kì í ṣe ẹ̀tọ́. Ẹni tó ń fi wíwù ara rẹ̀ ti Iléṣà ṣiṣẹ́ kò ní ìdí tó lágbára lójú wọn, bó ti wù kí ìdí náà lágbára lójú ìyá rẹ̀.

Ohun tó mú kí n máa ṣọ́ra láti dárúkọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lọ ni pé ìjọba wọn kéde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 pé àwọn fẹ́ sún ọdún tí ènìyàn yóò lò kó tó gba ILR láti márùn-ún sí mẹ́wàá fún ọ̀pọ̀ àlejò. Ẹni tó bá ń lọ kó yẹ òfin tó wà lóde ní ọjọ́ náà wò, kó má gbára lé ti ẹni tó lọ ṣáájú rẹ̀.

Áílàndì

Áílàndì ń béèrè ọdún márùn-ún nínú mẹ́sàn-án tó kẹ́yìn, ọdún tó gbẹ̀yìn nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò já. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹni tó lo ọdún mẹ́rin ní Dublin, tí iṣẹ́ gbé lọ sí ibòmíràn fún ọdún mẹ́ta, lè padà wá lo ọdún kan kó sì kọ̀wé. Kò sí èyí tó rọ̀ báyìí nínú àwọn tó kù fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé e jáde fún ìgbà pípẹ́ láàárín.

Ọdún tó gbẹ̀yìn ló le. Ní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ gíga wọn dá ẹjọ́ pé “tí kò já” túmọ̀ sí pé ènìyàn kò gbọdọ̀ jáde fún ọjọ́ kan péré, jìnnìjìnnì sì bo gbogbo àlejò ilẹ̀ náà títí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fi yí i padà ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà. Láti ọdún 2023, òfin ti sọ ọ́ ní kedere: ọjọ́ 70 ni ẹ lè fi jáde nínú ọdún náà, wọ́n sì lè fi 30 kún un bí ohun tó gbé yín jáde bá ṣàjèjì, bí àìsàn ẹbí. Ọdún tí ẹ fi wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ kò sí nínú ìṣirò, èyí sì máa ń dun àwọn tó gba ọ̀nà ilé ìwé lọ. Ẹ̀rí tí wọ́n ń béèrè pọ̀ pẹ̀lú: wọ́n ń fi àmì díwọ̀n ìwé tí ẹ bá kó wá, ọdún kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní àmì 150.

Jámánì

Láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2024, Jámánì ti dín ọdún tí wọ́n ń béèrè kù láti mẹ́jọ sí márùn-ún, wọ́n sì ti gbà kí ènìyàn di páálí àtijọ́ rẹ̀ mú. Ọ̀nà ọdún mẹ́ta tí wọ́n ṣí fún àwọn tó bá yára mọwọ́ ilẹ̀ náà ni wọ́n tún tì pa ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ìrìn tí kò bá ju oṣù mẹ́fà lọ kì í já ìgbé yín. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ, ìwé ìgbélùú lásán lè kú, ṣùgbọ́n ẹni tó ní Blue Card, ìyẹn ìwé ìgbélùú fún òṣìṣẹ́ onímọ̀ gíga, ní àyè oṣù 12. Èdè wọn, tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ dé ìpele àárín tí wọ́n ń pè ní B1, ni ìdíwọ́ tó tóbi jù, ẹni tó bá sì ń ti Iléṣà fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ Berlin kò ní kọ́ ọ lójú oorun.

Ọsirélíà

Ọdún mẹ́rin ni tiwọn, èyí tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pẹ̀lú àṣẹ ìgbélùú pípẹ́. Àìsí kò gbọdọ̀ ju oṣù 12 lọ nínú gbogbo rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 90 lọ nínú ọdún tó gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìlànà àkànṣe fún àwọn tí iṣẹ́ wọn ń béèrè ìrìn déédéé, bí òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òkun àti ọkọ̀ òfurufú, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, àti àwọn ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ńlá. Ọjọ́ 480 nínú ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wọn, pẹ̀lú 120 nínú ọdún tó gbẹ̀yìn. Iṣẹ́ ni òfin náà dárúkọ, kò béèrè pé kí ó jẹ́ ti ìjọba, ìyẹn ló sì fi yàtọ̀ sí ti Kánádà.

Owó àti ẹ̀rí

Owó fọ́ọ̀mù kì í ṣe bákan náà rárá. Jámánì ń gba €255, òun ló dínwó jù. Amẹ́ríkà ń gba $760 lórí ìwé tàbí $710 lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2024. Ti Kánádà lé ní $640 owó tiwọn, ti Ọsirélíà sì lé ní $500 owó tiwọn. Áílàndì ń gba €175 nígbà ìkọ̀wé, lẹ́yìn náà €950 nígbà tí wọ́n bá ti gbà yín. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wọ́n jù: ó lé ní £1,700, bí wọ́n bá sì kọ̀, ẹ ò ní rí púpọ̀ gbà padà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, fún ẹni tó ń ti Iléṣà ṣiṣẹ́, ọkọ̀ òfurufú ló ń jẹ owó. Òfin tó ń jẹ́ kí ẹ lo ọjọ́ yín ní ìjókòó kan, bíi ti Kánádà, yóò ná yín ní tíkẹ́ẹ̀tì kan ní ọdún méjì; èyí tó ń lé yín padà kí oṣù mẹ́fà tó pé, bíi ti Amẹ́ríkà àti Jámánì, lè ná yín ní méjì lọ́dún.

Ẹ má ṣe gbára lé òǹtẹ̀ inú páálí nìkan. Kánádà àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ orúkọ ẹni tó ń jáde sílẹ̀ pẹ̀lú ti ẹni tó ń wọlé, nítorí náà ìwé tiwọn ni wọn yóò fi yẹ tiyín wò. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́ ìgbéra àti ọjọ́ ìdé sínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ẹ sì tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Lẹ́tà agbanisíṣẹ́ ń fẹ́ ìṣọ́ra jù: bí ó bá sọ pé ẹ ń ṣiṣẹ́ “ní ọ́fíìsì wa ní Toronto” ní oṣù tí ẹ wà ní Ìmọ̀ ní Iléṣà níhìn-ín, ẹ̀rí ti di ẹ̀sùn, ẹni tí Kánádà bá sì mú pé ó purọ́ nínú fọ́ọ̀mù kò ní lè kọ̀wé fún ọdún márùn-ún. Kí lẹ́tà náà sọ ibi tí ẹ wà gan-an.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹni tí òbí rẹ̀ ń dàgbà nílé, tó sì mọ̀ pé òun yóò máa wálé fún oṣù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Kánádà ni mo máa dárúkọ fún un láìronú lẹ́ẹ̀mejì, bí ó bá ṣì ní àǹfààní láti yàn. Ọdún méjì àìsí nínú márùn-ún, láìsí ẹni tó ń béèrè bí ẹ ṣe pín in, kò sí ibòmíràn tó fún ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ńlá tàbí yunifásítì ń rán kiri, tó sì lè ṣètò ìrìn rẹ̀ kí ó má pé oṣù mẹ́fà, kó dúró sí Amẹ́ríkà, kó sì béèrè lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ nípa N-470 kó tó gbéra, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti dé. Atukọ̀ àti òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kó wo Ọsirélíà. Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó ti wà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ILR rẹ̀ ti jáde kò ní ìdí láti ṣí lọ. Ọdún kan ló kù fún un, kó jókòó pa kó lò ó, kó sì jẹ́ kí Ìwúde ọdún náà kọjá. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń pín ìgbésí ayé rẹ̀ sí ọdún mẹ́ta níhìn-ín, ọdún méjì lọ́hùn-ún, Áílàndì ló bá a mu. Jámánì wà fún ẹni tó ṣe tán láti gbé ibẹ̀ ní tòótọ́ kó sì kọ́ èdè wọn.

Ní ti ẹni tó ń gba owó oṣù òkè òkun ṣùgbọ́n tí kò lè fi Iléṣà sílẹ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ lọ́dún, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò bá a mu, agbanisíṣẹ́ kankan kò sì lè yí i padà. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí kò béèrè ọdún ìgbélùú ni ti ọkọ tàbí aya ọmọ Amẹ́ríkà tí ìjọba Amẹ́ríkà tàbí irú àwọn ilé iṣẹ́ tí mo kà sílẹ̀ lókè bá rán lọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè. Ó gbọ́dọ̀ ní gíríìn káàdì, ó sì gbọ́dọ̀ wà ní Amẹ́ríkà nígbà ìbúra, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa bi í ní ọjọ́ mélòó ló ti lò níbẹ̀.